Kí Díìsìkì Tó Dákẹ́: Ohun Tí Iṣẹ́ Kíkó Fáìlì Kúrò Lórí Háàdì Díìsìkì Tó Ń Kú Lọ Ti Kọ́ Mi

Lọ́pọ̀ ìgbà, háàdì díìsìkì máa ń ṣe àmì kó tó dákẹ́. Kọ̀ǹpútà tí kì í pẹ́ tàn tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ tẹ fódà kan báyìí, ojú ẹ̀rọ á dì, iná kékeré tó máa ń ṣẹ́jú á kàn tàn síbẹ̀ láìṣẹ́jú. Fọ́tò á ṣí dé àárín, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ á di àwọ̀ eérú. Bó bá yá, Windows á béèrè bóyá kí òun fọ́ọ́màtì díìsìkì náà kí ẹ tó lè lò ó. Cancel ni kí ẹ tẹ̀. Àwọn fáìlì yín ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí Windows ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn ló bàjẹ́.

Ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́ kó yé mi jù ni pé ìwọ̀nba kíkà ló kù lára díìsìkì tó ń ṣàìsàn, kò sì sẹ́ni tó mọ iye tó kù. Bí ẹ bá ná an sórí yíyẹ fódà wò, wíwá fáírọ́ọ̀sì àti títan kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́ bóyá ara rẹ̀ á yá, ẹ ti ná ohun tí ẹ kò lè rà padà. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, látòkèdélẹ̀, sórí díìsìkì mìíràn. Orí ẹ̀dà yẹn ni gbogbo àtúnṣe ti máa wáyé.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi chkdsk kan díìsìkì tó ń kú. Gbogbo èèyàn ló mọ chkdsk, àṣẹ Windows tó ń yẹ díìsìkì wò tó sì ń tún un ṣe, òun ló sì ń ba nǹkan jẹ́ jù. chkdsk /f máa ń kọ nǹkan sórí díìsìkì. Bí kò bá rí àkọsílẹ̀ fódà kan kà, ó lè gbà pé fódà náà kò sí mọ́, kó wá kó àwọn ohun inú rẹ̀ jọ sínú FOUND.000 pẹ̀lú orúkọ bíi FILE0000.CHK. Ẹni tó ń wá ìwé owó ọdún tó kọjá á wá máa ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. chkdsk /r tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí gbogbo ojú díìsìkì ló ń kà, tó bá sì kan ibi tó ti bàjẹ́, á máa tún un kà títí, nígbà tí kò tíì sí ẹ̀dà kankan níbì kan.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìlera díìsìkì náà. Díìsìkì fúnra rẹ̀ ló ń kọ ìtàn àìsàn rẹ̀ sílẹ̀, ìtàn náà là ń pè ní SMART. Lórí Windows, CrystalDiskInfo ló rọrùn jù láti fi kà á. Lórí Linux, ẹ lo `smartctl -a /dev/sdb`; sdb ni orúkọ tí Linux fún díìsìkì náà. Nọ́ńbà mẹ́rin ló tó wò. Nọ́ńbà 5 ni iye sẹ́kítọ̀, ìyẹn àwọn àyè kéékèèké tí díìsìkì ń kọ nǹkan sí, tí díìsìkì ti pa tì tó sì ti fi àwọn àfirọ́pò inú rẹ̀ dípò. Nọ́ńbà 197, tí CrystalDiskInfo ń kọ bíi C5, ni iye èyí tí kò rí kà tí kò sì tíì mọ ohun tó máa ṣe sí. Nọ́ńbà 198, ìyẹn C6, ni èyí tó ti sọ pé òun kò lè kà. Tí 197 bá ti kúrò ní òdo, tó sì ń lọ sókè láàárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ kejì. CrystalDiskInfo máa ń kọ àwọn iye náà ní nọ́ńbà oní-16, nítorí náà tí ẹ bá rí 10 níwájú C5, sẹ́kítọ̀ 16 ló ń sọ, kì í ṣe mẹ́wàá.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ PASSED tí smartctl ń kọ sókè fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe díìsìkì ló yan ibi tí ìkìlọ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀, díìsìkì sì lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún sẹ́kítọ̀ tí kò ṣeé kà kí PASSED ṣì wà níbẹ̀ gbọin.

Nọ́ńbà kẹrin ni 199, C7. Eléyìí yàtọ̀: wáyà ló sábà máa ń fà á. Tó bá jẹ́ òun nìkan ló ga, tí 5, 197 àti 198 sì wà ní òdo, ẹ pààrọ̀ wáyà SATA, èyí tó so díìsìkì mọ́ inú kọ̀ǹpútà, tàbí okùn USB kí ẹ tó dá díìsìkì lẹ́bi. Iye tó ti wà níbẹ̀ kò ní dínkù. Ohun tí ẹ ń wò ni bóyá ó dáwọ́ lílọ sókè dúró. Iná tí kò tó náà máa ń dà bí àìsàn. Díìsìkì kékeré oní ínǹṣì 2.5 ń lo iná folti 5 láti inú USB. Ihò USB 2.0 ní ẹ̀tọ́ sí 500 mA, ti 3.0 sí 900 mA, nígbà tí díìsìkì kan lè fẹ́ tó 1 A nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí. Bí ẹ bá fi okùn gígùn so ó mọ́ iwájú kọ̀ǹpútà, ó lè máa dún ká-ká kó sì máa kú, kó jẹ́ pé ebi iná lásán ló ń pa á. Ẹ gbé e lọ sí ihò ẹ̀yìn pẹ̀lú okùn kúkúrú kí ẹ tó sọ pé ó ti tán.

Bó bá wá jẹ́ pé iná tó, okùn dára, ó sì ń dún kọ́-kọ́-kọ́ ní ìwọ̀n kan náà, tó ń dúró, tó tún ń bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn orí tí ń ka àwo inú rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Kò sí sọ́fíwíà tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ yọ ọ́. Bí orí tó ti ṣẹ́ bá ń fa ara rẹ̀ lórí àwo tó ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, ńṣe ló ń họ fáìlì dànù. Tí ohun inú rẹ̀ bá ṣe pàtàkì, ọwọ́ àwọn tó ní yàrá aláìlérukuku ló yẹ kó lọ, wọn ó sì gba owó gidi.

Mo fẹ́ dúró lórí èyí díẹ̀, torí ìmọ̀ràn tó wà nígboro lórí díìsìkì tó ń dún kò ṣeé fetí sí. Wọ́n ní kí ẹ gbé e sínú fírísà. Tó bá jáde nínú òtútù sínú ooru wa yìí, ìrì á sẹ̀ sórí àwo inú rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ kí ẹ fi ọwọ́ ti orí rẹ̀ sípò. Àlàfo tó wà láàárín orí àti àwo kéré débi pé ìdọ̀tí tí ojú kò rí tóbi jù ú lọ. Wọ́n tún ní kí ẹ yọ pátákó iná ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi ti díìsìkì mìíràn tó jọ ọ́ dípò. Láyé àtijọ́, ìyẹn máa ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn. Ti òde òní ní ṣíìpù kékeré kan lórí pátákó náà, tí wọ́n ń pè ní ROM, tó gbé òdiwọ̀n tó jẹ́ ti díìsìkì yẹn nìkan. Láìjẹ́ pé ẹ jó o kúrò kí ẹ sì jó o mọ́ èyí tuntun, òfo ni.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé díìsìkì yín ṣì ń yí láìdún, kọ̀ǹpútà ṣì ń rí i, àmọ́ ó ń falẹ̀ tàbí ó ń kọ̀ láti ka àwọn fáìlì kan. Irú èyí ló pọ̀ jù, ó sì ṣeé ṣe nílé.

Ẹ ra díìsìkì tuntun ná. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ sí rèé: ẹ̀dà látòkèdélẹ̀ kò lè wọ inú díìsìkì tó kéré jù ti àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ sẹ́kítọ̀ kan ló fi kéré. Díìsìkì oní 500 GB, tí Windows ń pè ní 465, kò ní wọ inú SSD (díìsìkì tí kò ní àwo tó ń yí) oní 480 GB, bó ti wù kí àyè ṣófo nínú rẹ̀ tó. Oní 512 ni kí ẹ rà, tàbí 1 TB. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà níwájú yín, kí ẹ wo nọ́ńbà 5, 197 àti 9. Nọ́ńbà 9 ni iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́. Díìsìkì tí ara rẹ̀ ti gbó tí wákàtí rẹ̀ wá jẹ́ 3, ẹnì kan ti pa ìtàn rẹ̀ rẹ́ ni.

Tí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì, inú rẹ̀ ni kí ẹ ti so díìsìkì àìsàn náà tààrà mọ́ SATA. Okùn tó ń sọ SATA di USB ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí díìsìkì bá há sórí sẹ́kítọ̀ kan, okùn náà lè tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí díìsìkì tó ń jẹ́ sdb padà wá di sdd láàárín iṣẹ́. Oní 3.5 sì nílò folti 12. Okùn USB lásán kò lè gbé e. Ní ti iná mànàmáná, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ dára sàn ju tábìlì tí kò ní UPS lọ. Iṣẹ́ yìí lè gba òru mọ́jú, kò sì sẹ́ni tó lè ṣèlérí pé wọn ò ní mú iná lọ. Lílọ iná kò ní ba iṣẹ́ tó ti wáyé jẹ́, ẹ óò rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́, àmọ́ díìsìkì tó ń kú lè má gbéra mọ́ lẹ́yìn tí iná bá ti já a.

Ẹ má ṣe é láti inú Windows. Windows kò lè rí díìsìkì kó má fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé SystemRescue, ìyẹn Linux tó ń ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì, sórí fláàṣì kan, kí kọ̀ǹpútà tàn láti orí rẹ̀. Ddrescue, tó máa da díìsìkì kọ, àti TestDisk, tó ń wá ìpín díìsìkì tó sọnù, ti wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ Ubuntu lẹ ní, orúkọ tí ẹ máa fi gbà á sórí ẹ̀rọ ni gddrescue, ṣùgbọ́n àṣẹ tí ẹ máa tẹ̀ ni ddrescue. dd_rescue, pẹ̀lú ìlà láàárín, nǹkan mìíràn ni. Ubuntu sì máa ń ṣí díìsìkì fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ fi umount tì í kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àṣẹ àkọ́kọ́ kì í kó nǹkan kan rárá, òun ló sì ṣe pàtàkì jù:

lsblk -o NAME,SIZE,MODEL,SERIAL

Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: èwo ni sdb, èwo ni sdc, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá gbé méjèèjì sódì, ẹ óò da òfìfo tuntun kọ sórí ohun tí ẹ fẹ́ gbà là, ọ̀rọ̀ sì parí nìyẹn. Ká sọ pé sdb ni aláìsàn, sdc ni tuntun, tí fláàṣì kejì sì ti wà ní ṣíṣí ní /mnt/fl:

ddrescue -f -n /dev/sdb /dev/sdc /mnt/fl/disiki.map

Aláìsàn lẹ kọ́kọ́ dárúkọ, tuntun tẹ̀ lé e. -f ló ń gbà á láyè láti kọ sórí odindi díìsìkì. -n ló ń sọ fún un pé kó fi ibi tó le sílẹ̀ ná, kó kó èyí tó rọrùn. Ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. dd lásán, ìyẹn àṣẹ dídàkọ Linux, á há sórí ibi búburú àkọ́kọ́. Ddrescue á fò ó, á kó ìyókù, á wá padà sí ibi tó fò nígbà tí ìdá tó pọ̀ jù ti wà ní ìpamọ́. Fáìlì map tó wà lẹ́yìn ni ìwé ìrántí rẹ̀. Tí iná bá lọ tàbí tí ẹ bá tẹ Ctrl+C, àṣẹ kan náà lẹ máa tún tẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé. Àmọ́ tí ẹ bá fi map náà sínú SystemRescue fúnra rẹ̀, orí mẹ́mórì kọ̀ǹpútà ló wà, á bá iná lọ. Ìdí tí fláàṣì kejì fi pọn dandan nìyẹn.

Díìsìkì tó ṣì ní agbára ń kà ní nǹkan bí 100 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó túmọ̀ sí wákàtí kan àbọ̀ fún 500 GB. Láti inú ihò USB 2.0, ẹ fojú sí wákàtí mẹ́rin. Tó bá dé ibi àìsàn, ìyára á já sí KB díẹ̀, nígbà mìíràn sí òdo. Ẹ má fòyà, ẹ má sì fa okùn yọ. Ẹ wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Nọ́ńbà 194 ló ń sọ ọ́. Tó bá ti kọjá ìwọ̀n 50, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ gbé fáànù sí i, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá há síwájú pátápátá, ẹ fi -R kún àṣẹ náà kó máa kà á láti ẹ̀yìn bọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, á kó gbogbo ohun tó wà lódì kejì ibi búburú náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan ibi tó le:

ddrescue -f -d -r3 /dev/sdb /dev/sdc /mnt/fl/disiki.map

-d ń mú un kà láti ara díìsìkì tààrà, -r3 sì ni ìgbà mẹ́ta lórí sẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan tó kọ̀. Èmi kì í kọjá mẹ́ta àfi tí ẹni tó ni díìsìkì bá takú. Sẹ́kítọ̀ tó bá kọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta kì í sábà gbà ní ìgbà ogún.

Tó bá parí, á sọ ìdá tó kó. 99.98 nínú ọgọ́rùn-ún dùn létí, àmọ́ lórí 500 GB, ìdá tó kù yẹn jẹ́ 100 MB. Ibi tó bọ́ sí ló ń pinnu ìpalára rẹ̀. Bó bá bọ́ sí àyè òfìfo, ẹ kò pàdánù ohunkóhun. Nínú fídíò, àwòrán á kàn já fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú fáìlì zip tàbí PST tí Outlook ń kó í-meèlì sí, odindi rẹ̀ lè kọ̀ láti ṣí. Tó bá wá jẹ́ inú MFT, ìyẹn ìwé orúkọ fáìlì tí NTFS, ètò tí Windows fi ń to fáìlì sórí díìsìkì, ń lò, fódà odindi á pòórá nígbà tí fáìlì inú rẹ̀ ṣì wà láìfarapa.

Ọ̀nà wà láti mọ àwọn fáìlì tó fara gbá, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń lò ó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún ibi tó ṣófo nínú ẹ̀dà, kí ẹ wá a:

printf "IBI-TO-BAJE " > /tmp/ami
ddrescue -f --fill-mode=- /tmp/ami /dev/sdc /mnt/fl/disiki.map

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ẹ̀dà fún kíkà nìkan sí /mnt/eda, kí ẹ tẹ `grep -rl "IBI-TO-BAJE" /mnt/eda`. Orúkọ fáìlì tó bá jáde ni ti àwọn tó ti sọnù lápá kan. Ẹ fún ẹni tó ni wọ́n ní àkọsílẹ̀ náà. Ó sàn ju kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ̀ lóṣù mẹ́fà òní.

Ẹ yọ díìsìkì àtijọ́ kí ẹ tó so ẹ̀dà mọ́ Windows. Àmì ìdánimọ̀ kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì, Windows á sì gbé ọ̀kan ti sí Offline. Nísinsìnyí ni chkdsk wúlò: `chkdsk E: /f`, lórí ẹ̀dà. Tí ìpín díìsìkì kò bá fara hàn rárá, TestDisk lè wá a rí. Tí fódà bá ti pòórá, PhotoRec á wú fáìlì jáde, ṣùgbọ́n láìsí orúkọ: f1234567.jpg nínú fódà recup_dir.1, lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Orí díìsìkì kẹta ni kí ẹ kó wọn sí, kì í ṣe orí ẹ̀dà fúnra rẹ̀.

Fún ẹni tí Linux kò bá lára mu, tí àìsàn díìsìkì rẹ̀ kò sì tíì wọ ara, robocopy wà nínú Windows:

robocopy D:\ E:\Eda /E /XJ /R:0 /W:0 /A-:SH /LOG:C:\robo.txt

Ẹ má gbàgbé /R:0. Láìsí i, robocopy á tún fáìlì tó bàjẹ́ gbìyànjú ní ìgbà 1,000,000, pẹ̀lú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá láàárín. /A-:SH ni kò jẹ́ kí fódà Eda farasin. Kí ẹ tó sọ ọ́ sórí díìsìkì odindi, ẹ kọ́kọ́ ṣe fódà tó ṣe kókó jù, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbójú fo Public Documents, níbi tí àwọn sọ́fíwíà ìṣirò owó máa ń tọ́jú ìwé ilé ìtajà sí, àti AppData, níbi tí Outlook àti búkúmáàkì wà. Cut àti Paste? Kò sí nínú iṣẹ́ yìí.

Díìsìkì ìta, tó ní páálí tirẹ̀, ní ẹ̀tàn méjì. Àwọn kan kò ní SATA rárá. USB ni wọ́n jó mọ́ pátákó wọn. Àwọn mìíràn ń ti ohun inú wọn pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú pátákó USB, débi pé tí ẹ bá yọ díìsìkì jáde kúrò nínú páálí, wúruwùru lẹ máa kà. Ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dà á kọ. Ti BitLocker, ètò tí Windows fi ń ti díìsìkì pa, náà ń bẹ: ẹ̀dà á wà ní títì bí ti àkọ́kọ́, nọ́ńbà ìgbàpadà oní dígíìtì 48 ló sì sábà máa ń ṣí i. Inú àkáǹtì Microsoft ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ni ó sábà máa ń wà. PhotoRec kò lè rí nǹkan kan nínú rẹ̀ kó tó ṣí.

SSD kò ní dún, kò sì ní falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń pòórá ni. Bí ẹ bá ní oríire, á kọ̀ láti gba nǹkan tuntun ṣùgbọ́n á ṣì jẹ́ kí ẹ ka ti àtijọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dà á kọ.

Ní ti Windows tó wà lórí ẹ̀dà, mi ò gbà pé kí ẹ máa lò ó lọ tí sẹ́kítọ̀ tó sọnù bá pọ̀. Ó lè tàn dáadáa, kó wá máa dákú ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nítorí fáìlì kan nínú System32. Ẹ gbé Windows tuntun sórí díìsìkì tuntun mìíràn, kí ẹ kó fáìlì yín wọlé láti orí ẹ̀dà. Tó bá jẹ́ pé kò sí ohun tó sọnù tí díìsìkì tuntun sì tóbi jù, `sgdisk -e /dev/sdc` á gbé ẹ̀dà ìwé ìpín GPT lọ sí ìparí rẹ̀ tòótọ́, kí ẹ tó nà án nínú Disk Management. Ìpín Recovery tó bá dúró lójú ọ̀nà kò ní jẹ́ kó nà. Ẹ fi GParted sún un sẹ́yìn.

Díìsìkì àtijọ́, ẹ kọ déètì sí i lára, kí ẹ fi pamọ́ títí ẹni tó ni fáìlì fi ṣí àwọn tó ṣe kókó fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má tà á fún àwọn alágbàtà pàǹtírí bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò ṣeé kà fún Windows ṣì ṣeé kà fún ddrescue lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ fi díríìlì lu ihò mẹ́ta gba àárín àwo rẹ̀, kó ti iwájú jáde sẹ́yìn, oní 2.5 tí àwo rẹ̀ jẹ́ gíláàsì á fọ́ yángá-yángá nínú páálí, nítorí náà ẹ wọ awò ojú.